Àwòrán àjàrà wo ló yẹ ògiri yín? Brookshaw, Viala, Merian àti àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà yà

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Ìbàdàn fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwòrán àjàrà ni gbogbo wọn, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé aláwọ̀ tíì kó lè jọ ti ayé àtijọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú ọ̀kan. Ògiri ibi tí a ti ń jẹun ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí.” Mo fẹ̀ wọ́n lójú fóònù, mo wò wọ́n títí, mo ní kó má ra ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú bí i díẹ̀. Ó ní ṣé torí pé Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé ni mo ṣe ń ṣe fọ́nńté sí òun.

Kì í ṣe fọ́nńté o. Àjàrà kan wà lẹ́yìn ilé mi tí ẹni tó ta ilé náà fún wa ti gbìn sílẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mò ń gé e nígbà òtútù, tí mò ń so ó mọ́ wáyà nígbà tí ewé bá tún yọ, tí mò ń bá ẹyẹ du èso rẹ̀ bí oṣù kẹsàn-án bá dé. Ẹni tó bá ti ń ti àlùmọ́gàjí bọ ara ìtàkùn kan láti ọjọ́ yìí wá, kò sí bí kò ṣe ní mọ ibi tí ọwọ́ ìtàkùn náà ti ń yọ. Nínú àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àbúrò mi kó wá, abíyá ewé ni ìdì èso ti yọ, níbi tí igi ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Àjàrà kì í so bẹ́ẹ̀. Òdìkejì ewé ni èso rẹ̀ ti ń yọ: bí ewé bá wà lápá ọ̀tún oríkèé, ìdì èso á wà lápá òsì oríkèé kan náà. Ibẹ̀ náà ni ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń dì mọ́ nǹkan ti ń yọ, torí ọmọ ìyá ni ọwọ́ yìí àti ìdì èso. Nígbà mìíràn mo máa ń rí ọwọ́ tó so èso méjì mẹ́ta sí ìdí ara rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ dà.

Ẹni tó ya àwọn àwòrán wọ̀nyẹn kò rí àjàrà rí. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ jẹ́ èèyàn, torí kọ̀ǹpútà ló ń ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní “àtijọ́” lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, kò sì sí ẹni tó ní kó lọ dúró nídìí ọgbà.

Àwa Yorùbá ni wọ́n sì tètè ń rí mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ orúkọ àjàrà, inú ọ̀rá àwọn tó ń tajà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ la ti mọ èso rẹ̀ tí à ń pè ní gíréèpù. Ìtàkùn fúnra rẹ̀ ni a kò bá pàdé. Ẹ̀gúsí la mọ̀, elégédé la mọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìdí ewé sì ni ọwọ́ tiwọn ti ń yọ, nítorí náà àwòrán tó bá gba ibẹ̀ á jọ òótọ́ lójú wa.

Nítorí náà, àwọn tí ayàwòrán wọn jókòó ti àjàrà gan-an nìkan ni mo kó síbí. Mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wé ara wọn dáadáa. Àwọn yòókù á kàn gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yìn dúdú àti ẹ̀yìn funfun

Bí ẹ bá ń wá àwòrán àjàrà, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá Brookshaw àti Viala pàdé. Ààrin àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣiyèméjì.

George Brookshaw ti fìgbà kan ṣe àga àti tábìlì fún àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù kó tó gbájú mọ́ èso yíyà. Ìwé rẹ̀, Pomona Britannica, parí ní 1812. Àwòrán 90 ló wà nínú rẹ̀, irú èso 256, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ọgbà ọba ní Hampton Court létí odò Thames. Lójú tèmi, iṣẹ́ tábìlì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé èso síwájú òkùnkùn aláwọ̀ ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé ohun iyebíye sórí pákó tí wọ́n ti kùn títí tó ń kọ mọ̀nà. Ẹ ó rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí ohun funfun fẹ́lẹ́ bí ẹfun tó máa ń wà lára àjàrà tí ọwọ́ kò tíì kàn. Ẹ fi ìka nu èso gidi wò, ẹ ó rí i tó nù kúrò. Ayàwòrán tó bá gbàgbé ẹfun yẹn, èso tí wọ́n ti fọ̀ ló yà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́ ló mú òkùnkùn yẹn ṣeé ṣe. Wọ́n á ku lúbúlúbú oje igi sórí bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á yá a níná kó lè lẹ̀, wọ́n á wá fi ásíìdì sí i. Ásíìdì á máa jẹ bàbà láàárín hóró oje náà, ibi tó bá sì jẹ jìn ni yíǹkì á ti pọ̀ jù. Ákúátíǹtì ni orúkọ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ti rí àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, ẹ lè rò pé ìlà ló gbọ́dọ̀ gbé gbogbo àwòrán tí wọ́n bá fín. Níhìn-ín, òjìji ló gbé e. Wọ́n á tún fi ọwọ́ kun àwọ̀ lé e bó bá ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àjàrà kan ṣì wà ní Hampton Court títí di òní, 1768 ni Lancelot Brown, olùtọ́jú ọgbà ọba, gbìn ín, Black Hamburg ni irú rẹ̀. Nígbà tí ìwé Brookshaw fi parí, igi náà ti pé ọdún 44. Gbòǹgbò rẹ̀ wà níta, ẹ̀ka rẹ̀ wà nínú ilé gíláàsì, ilẹ̀ gbalasa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà tí wọn kì í gbin ohunkóhun sí, kó má baà sí ohun tí yóò bá a jẹun pọ̀. Lọ́dún 2001, èso tí wọ́n ká lórí rẹ̀ jẹ́ kìlógírámù 383. Igi kan ṣoṣo! Tèmi kò tíì kún báàgì kan rí.

Ẹ jẹ́ ká padà. Ti Pierre Viala àti Victor Vermorel, àwọn onímọ̀ àjàrà ará Faransé, yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìwé wọn, Ampélographie, ìdìpọ̀ méje, jáde ní Paris láàárín 1901 sí 1910, àwòrán aláwọ̀ 500 ló wà nínú rẹ̀. Jules Troncy àti Alexis Kreyder ló yà wọ́n. Kì í ṣe ẹwà ló bí ìwé náà, wàhálà ni. Ní àwọn ọdún 1860, kòkòrò tíńtín kan tó ń jẹ́ phylloxera ti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Faransé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu oje gbòǹgbò àjàrà, oko lẹ́yìn oko sì ń kú. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n lọ́ àjàrà Faransé mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò rí pa. Ní 1887, Viala fúnra rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti wá gbòǹgbò tó lè fara da ilẹ̀ ẹfun, Texas ló sì ti rí ohun tó ń wá. Nígbà tí wọ́n ti ń fa irú kan tu, tí wọ́n ń lọ́ òmíràn mọ́ òmíràn, tí orúkọ kan náà ń jẹ́ nǹkan méjì láti abúlé kan sí èkejì, ó di dandan kí ẹnì kan jókòó kí ó kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ewé ni wọ́n sì fi ń dá àjàrà mọ̀. Èso dúdú jọ èso dúdú, ṣùgbọ́n bí eyín etí ewé ṣe mú tó, bí ewé ṣe ya sí ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́ta, bí ẹnu ibi tí igi ewé ti wọlé ṣe là sílẹ̀ tàbí tó pa dé, kò sí irú méjì tó bá ara wọn mu délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewé fi gba àyè nínú àwòrán wọn, tí wọ́n na án sílẹ̀ gbalaja bí ẹni tí wọ́n ń yà fún páásípọ́ọ̀tù. Ìdì èso kan, ewé, ẹ̀yìn funfun, ó tán.

Orí òkúta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òkúta tirẹ̀. Ọ̀rá àti omi tí kì í bára wọn rẹ́ ni àṣírí iṣẹ́ náà: yíǹkì ọlọ́ràá á lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n fi ọ̀rá yà, omi á lé e kúrò níbi tó kù.

Ó yá, èwo nínú méjèèjì? Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ni ẹ fẹ́ gbé kọ́, tí ẹ sì fẹ́ kí àlejò dákẹ́ bó bá rí i, Brookshaw ni. Ẹ̀yìn funfun kò lè ṣe ohun tí òkùnkùn yẹn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: àwòrán dúdú lábẹ́ gíláàsì, díńgí ni. Bí fèrèsé bá wà ní ìkọjú rẹ̀, fèrèsé yẹn ni ẹ ó máa wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí iná ilé bá sì tàn, ojú ara yín. Gíláàsì tí kì í dán wà, àmọ́ owó rẹ̀ lè ju ti àwòrán lọ. Ìṣòro kejì ni pé àtúntẹ̀ Brookshaw tètè ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé olówó pọ́ọ́kú. Dúdú aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn á di ẹrẹ̀, tàbí kó ṣú bí ewé gbígbẹ, èso á sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè kí wọ́n tẹ ibi kékeré kan fún yín wò kí ẹ tó san owó.

Viala kì í fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ìmọ́lẹ̀ yòówù kó bà á, á hàn, bí ìtẹ̀wé kò bá tilẹ̀ dára tó, ẹ ó ṣì rí ewé. Bákan náà ni wọ́n ṣe to gbogbo 500, nítorí náà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dúró ní ẹgbẹ́ ara wọn, dúdú, pupa, funfun bí oyin, kí ó dà bíi pé ẹbí kan ni wọ́n. Bí ẹ bá gbìyànjú kí ẹ to Brookshaw mẹ́ta báyìí, yàrá á ṣókùnkùn bíi ti ilé olókùú. Àléébù Viala kò ju pé ó gbẹ díẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀kọ́ ni, ó sì hàn lára rẹ̀.

Ojúlówó tó ti inú ìwé Viala jáde ṣì ṣeé rí rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́, lówó tí òṣìṣẹ́ lè tu jọ. Ojúlówó Brookshaw ti 1812, àwọn olówó ló ń du ú.

| | Brookshaw, 1812 | Viala àti Vermorel, 1901–1910 | Merian, 1705 | USDA (ìjọba Amẹ́ríkà), 1886–1942 |
|---|---|---|---|---|
| Bí wọ́n ṣe ṣe é | ákúátíǹtì lórí bàbà, ọwọ́ ló parí rẹ̀ | orí òkúta, àwọ̀ púpọ̀ | fífín sórí bàbà | ọ̀dà olómi, ẹyọ kan ṣoṣo |
| Ẹ̀yìn | dúdú | funfun | funfun | funfun, pẹ̀lú ìkọ̀wé |
| Ewé | wà, kì í ṣe òun ni olórí | òun gan-an ni | wà, kòkòrò ti jẹ ẹ́ | lọ́pọ̀ ìgbà kò sí |
| Iye tó dára lórí ògiri | ọ̀kan | mẹ́ta sókè | ọ̀kan | bó bá ṣe wù yín |

Merian, fún ẹni tí kòkòrò kì í bà lẹ́rù

Ẹni ọdún 52 ni Maria Sibylla Merian nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ Dorothea wọ ọkọ̀ ojú omi láti Amsterdam lọ sí Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1699. Kòkòrò ló lọ wò, kì í ṣe èso. Ó padà ní 1701, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1705 pẹ̀lú àwòrán 60. Nínú èyí tó ya àjàrà sí, àfòpiná ńlá wà níbẹ̀, ọmọ àfòpiná náà wà níbẹ̀ tó sanra tó ń jẹ ewé, èyí tó ti ká ara rẹ̀ sínú èèpo kó tó di àfòpiná náà wà níbẹ̀. Ewé àjàrà rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí bí ti ẹ̀yìnkùlé mi ṣe rí gan-an ni: kò sí ewé kan tó pé.

Bí yàrá ìjẹun lẹ bá ń wá àwòrán fún, ẹ ronú. Àlejò mi kan ti bi mí rí pé ṣé ìdin ni mo gbé kọ́ sókè oúnjẹ.

Ohun kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Oko ìrèké ni Suriname nígbà náà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Merian kò fi pa mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé náà pé àwọn ẹrú ń bá òun wá ewéko àti kòkòrò. Níbi òdòdó kan, ó kọ ohun tí àwọn ẹrúbìnrin sọ fún un, pé àwọn ń lo irúgbìn rẹ̀ láti ṣẹ́ oyún, kí ọmọ wọn má baà bọ́ sínú ẹrú. Òdòdó yẹn kọ́, àjàrà ni tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo àwòrán inú ìwé náà gbà wá. Mo mọ èyí, mo sì gbé tèmi kọ́ sí ibi àtẹ̀gùn. Ọ̀rẹ́ mi kan mọ̀ ọ́n, ó sì sọ pé irú rẹ̀ kò ní wọ ilé òun láé. N kò bá a jiyàn.

Èyí tí ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé lórí

Láàárín 1886 sí 1942, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ìyẹn USDA, gba àwọn ayàwòrán síṣẹ́ láti máa ya èso. Fọ́tò aláwọ̀ kò tíì dára tó nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà lé ní 7,500, obìnrin ló sì ya púpọ̀ nínú wọn. Deborah Griscom Passmore nìkan ya èyí tó lé ní 1,500. Ilé-ìkàwé àgbẹ̀ ti ìjọba ní Beltsville, ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n wà. Wọ́n ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé ló ni wọ́n, ẹ lè gbà wọ́n sílẹ̀ kí ẹ sì lọ tẹ̀ ẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé àdúgbò yín láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń tà á ní owó gọbọi, bébà àti yíǹkì ló ń tà fún yín. Kó má sọ pé àwòrán ni.

Ápù ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àjàrà wà dáadáa. Ẹ ó rí Concord, èyí tí Ephraim Bull mú jáde ní ìlú Concord, Massachusetts, ní 1849, tó ṣì wà nínú oje àjàrà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń mu títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ràn lára àwọn àwòrán yìí ni ìkọ̀wé ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ wọn: orúkọ èso, ìlú tó ti wá, ọjọ́ tí wọ́n yà á. Àgbẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ sí Washington, ayàwòrán á sì jókòó tì í kó tó jẹrà. Wọ́n máa ń la ẹyọ kan sí méjì kí ẹ rí kóró inú rẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, ṣé kì í ṣe bí a ṣe ń la obì wò nìyẹn?

Àléébù rẹ̀ ni pé èso ni wọ́n fi ránṣẹ́, ewé kì í sábà bá a dé. Ẹni tó fẹ́ rí ìtàkùn, pẹ̀lú ọwọ́ àti oríkèé rẹ̀, kò ní rí i níbẹ̀. Ilé ìdáná ló yẹ jù, kékeré kékeré, mẹ́fà lórí ògiri kan.

Àwọn tó kù, kíá. Ti Elizabeth Blackwell, tí ìwé rẹ̀ jáde láàárín 1737 sí 1739, ìtàn rẹ̀ ju àjàrà rẹ̀ lọ: òun ló ya gbogbo 500, òun ló fín wọn sórí bàbà, òun ló tún kùn wọ́n, kó lè fi owó rẹ̀ yọ ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n torí gbèsè. Ọkọ jáde, ó lọ sí Sweden, ó lọ dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba wọn, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní 1747. Àjàrà Otto Wilhelm Thomé, ti Jámánì, 1885, wà fún ẹni tó ń kọ́ nípa ewéko, torí ó tú òdòdó rẹ̀ palẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ Redouté fà yín lójú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àjàrà ló wà níwájú yín lóòótọ́, torí òdòdó róòsì ló sọ ọkùnrin náà di olókìkí.

Ojúlówó ni àbí àtúntẹ̀?

Àtúntẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú, òun ló pọ̀ lára ògiri tèmi. Ohun tó burú ni kí ẹ san owó ojúlówó lé e. Ó ti ṣe mí rí. Mo ra Viala kan ní ọjà ìta gbangba, ẹni tó tà á búra pé inú ìwé 1905 ni òun ti yọ ọ́, mo dé ilé, mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé e, mo sì jókòó.

Awò yẹn kò wọ́n, ẹ ra ọ̀kan tó ń mú nǹkan tóbi nígbà mẹ́wàá. Bí ẹ bá gbé e lé ibi tí àwọ̀ bá fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ sì rí tótòtó tó tò yí ara wọn ká bí òdòdó kéékèèké, gbogbo wọn dọ́gba, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí nìyẹn. Tótòtó ti orí òkúta kì í tò, ṣe ló fọ́n ká bí ẹni da jéró sílẹ̀, òmíràn tóbi, òmíràn kéré, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gorí ara wọn láìbá ara wọn ṣàdéhùn. Bó bá dà bí ìrì tó fọ́n, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti kọ̀ǹpútà ni. Ti Merian, ìlà ni ẹ ó rí, ìlà tó mú tó sì ga díẹ̀ lórí bébà bí ẹ bá fi ìka pa á. Ti Brookshaw, ẹ ó rí nǹkan bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó gbẹ tó sán.

Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ láti orí bàbà tún máa ń ní ojú ibi tí etí bàbà ti tẹ bébà wọlé, bí igun mẹ́rin, àyàfi tí wọ́n bá ti gé etí bébà kúrò. Ti orí òkúta kì í ní i. Àwọn kan ti mọ̀ pé à ń wá a, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tẹ igun mẹ́rin èké sórí àtúntẹ̀. Nítorí náà, awò ni kí ẹ gbà gbọ́ ju igun lọ.

Bébà, ìwọ̀n, àti oòrùn tiwa

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ ka iye píkísẹ́lì kí ẹ tó kúrò nílé. Kó tó lè jáde kedere lórí bébà A4, 2480 ní 3508 ló yẹ kó ní. A3 ń fẹ́ 3508 ní 4961, A2 ń fẹ́ 4961 ní 7016. Fáìlì tó kéré sí ìyẹn á ṣú bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú omi. Èyí tí ẹ yà lójú fóònù láti orí ìkànnì ẹlòmíràn kò lè tó láéláé.

Ẹ béèrè bébà òwú bí owó bá gbà á, torí bébà tí wọ́n fi igi ṣe tí ásíìdì wà nínú rẹ̀ á pọ́n, á sì máa fọ́. Ẹ béèrè yíǹkì pigment, kì í ṣe dye. Dye ń dán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n oòrùn Ìbàdàn kì í fi í sílẹ̀ pẹ́.

Férémù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nílé. Kí àwòrán má kan gíláàsì. Páálí tó máa ń yí àwòrán ká nínú férémù, ẹ̀ṣọ́ nìkan kọ́ ló wà fún. Òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè láàárín wọn. Bí òjò bá dé, ọ̀rinrin á kó sábẹ́ gíláàsì, àwòrán tó lẹ̀ mọ́ ọn á sì bu, bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ojú rẹ̀ á bá gíláàsì lọ. Mo ti rí fọ́tò ìgbéyàwó tó bàjẹ́ báyìí ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri tó jẹ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí i tààrà, torí bí iná ìjọba ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bébà á máa sún kì, á máa tú, títí tí yóò fi kákò.

Láti ibí, ẹ má fi férémù ránṣẹ́. Ẹ ká àwòrán sínú páálí roboto, ẹ jẹ́ kí káfíńtà ilé ṣe férémù rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo kọ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó gba ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́fà. Mo ní kó mú Viala mẹ́ta, ẹ̀yìn funfun, torí mo mọ yàrá ìjẹun náà: fèrèsé ńlá ló kọjú sí ògiri yẹn gan-an. Ó ní, “Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́.” Lọ́jọ́ Sátidé ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Brookshaw ni, A2, nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Ìdì àjàrà wà níbẹ̀, bí mo bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Lójú òkùnkùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rí fèrèsé, mo rí kọ́tìnnì, mo rí àbúrò mi fúnra rẹ̀ nínú gèlè, fóònù lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.